Kí Ọjọ́ Tí A Dá Má Ṣe Jìnnà

Ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún kì í sábà gbà láti lọ gba ìtọ́jú níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òwúrọ̀ kùtù ni ó máa ń gbà, nígbà tí orí ń fọ́ ọ, tí owó ti tán, tí ojú sì ń tì í fún ohun tí ó ṣe ní àná. Ìgbà náà kì í pẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkàn rẹ̀ lè ti yí padà.

Nítorí náà, ilé ìtọ́jú tí ó bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dàbí àgbẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ fún, tí ó ní òun yóò gbin àgbàdo nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. A ti dán èyí wò ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2002, àwọn tí ó fi tẹlifóònù béèrè ìtọ́jú nítorí kokéènì, tí a sì dá ọjọ́ kejì fún, wá ju àwọn tí a dá ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan fún lọ gidigidi.

Ọ̀pọ̀ sì ń rò pé àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ jáwọ́ pátápátá kí dókítà tó gba àwọn. Èrò yìí léwu. Ẹni tí ó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, bí ó bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Kí ó wá bí ó ti wà. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ti dín in kù.

Ní 1954, ní Àrò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé ní abúlé ìtòsí, kí ìbátan kan wà pẹ̀lú olúkúlùkù, kí wọ́n sì máa wá sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sán. Ìbátan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mùtí náà nílò.

Kí ẹni tí ó bá gbọ́ “mo gbà” lẹ́nu rẹ̀ má ṣe dáhùn pé, “Ó dára, máa lọ.” Kí ó béèrè ọjọ́ tí ó súnmọ́ jùlọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó wá owó ọkọ̀, kí ó sì rán an létí ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ ìdí ọtí tó kàn án. Bí ó bá sì pa ọjọ́ náà jẹ, kí a dá òmíràn fún un ní ọ̀sẹ̀ kan náà, láìsí èébú.