Ọrùn Táǹkì Tó Sán: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Láìdá Iná Sílé



Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe irin lásán. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Oṣù Keje ọdún 2003 ni Ìjàpá àtijọ́ tó gbẹ̀yìn jáde ní Mẹ́síkò. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá fi Ìjàpá tàbí 504 sílẹ̀ fún kì í fẹ́ tà á, nítorí òun náà ni wọ́n fi gbé ìyá lọ ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wa, ibì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: oríkèé tó so ọrùn táǹkì, ibi tí a ń gbà rọ epo, mọ́ táǹkì fúnra rẹ̀. Nínú Ìjàpá, iwájú ni táǹkì wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí oríkèé yìí bá sán, òórùn epo lè wọlé bá àwọn ọmọ wa níbi tí wọ́n jókòó sí.

KÍ LÓ Ń MÚ UN SÁN?

Irin ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Kòtò ojú ọ̀nà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bí nọ́ọ̀tì tó dì í mú bá tú, gbogbo ìgbọ̀nrìrì náà á bọ́ sórí oríkèé. Àwa náà tún ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé e nígbà tí a bá ń rọ epo. Omi àti ìpẹta á wá parí iṣẹ́. Bí òórùn epo bá ń pọ̀ sí i nígbà tí táǹkì kún, tàbí tí ọkọ̀ bá ṣẹ́ kọ́nà, ẹ yẹ ibẹ̀ wò.

TÁǸKÌ ÒFÌFO LÓ LÉWU JÙ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí epo bá ti tán nínú táǹkì, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oru epo ló ń gbaná, kì í ṣe epo tó ń ṣàn. Bí oru náà bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ìtapàrà kan ṣoṣo tó láti mú táǹkì bú gbàmù. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń tọ̀, ó sì lè rìn dé ìdí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

1. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ tú orí bátìrì. Ẹ fa epo sínú garawa onírin tó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀.

2. Bí rọ́bà ló so ọrùn mọ́ táǹkì, ẹ tú ọrùn nìkan, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì dí ẹnu táǹkì.

3. Bí wọ́n bá jó o mọ́ táǹkì ni, ẹ tú táǹkì náà látòkè délẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ léraléra, kí ẹ wá bu omi kún un títí dé ìsàlẹ̀ ibi tó sán díẹ̀. Omi á lé oru jáde. Ẹ má dí ihò rẹ̀ kankan. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ táǹkì ni kí ẹ gbé e fún. Ẹni tó bá ní òun á jó o bẹ́ẹ̀ láìfi omi sí i, ẹ gba táǹkì yín padà.

4. Kí wọ́n há ìpẹta àti ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán. Iná mọ̀nàmọ́ná tètè ń lu irin fẹ́lẹ́ jáde. Òjé dára fún ibi tó kàn ń jò, nítorí kò ju nǹkan bí 190°C lọ tó fi ń yọ́. Ṣùgbọ́n òjé kò lágbára. Bí oríkèé bá ti fẹ́ já, kí wọ́n fi páànù yí i ká kí òjé tó wọ̀ ọ́. Ọrùn tí a ti tú lọ́tọ̀ ni a lè fi idẹ jó, torí iná ti idẹ pọ̀ púpọ̀.

5. Ẹ fọ èròjà tí wọ́n fi jó o kúrò, nítorí ó ń jẹ irin. Ẹ dí ihò rẹ̀, ẹ rì í sínú omi, kí ẹ fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí omi bá ń hó, ó ṣì ń jò. Ẹ má fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láéláé.

6. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Rọ́bà epo ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe rọ́bà omi. Ẹ sì dè é le, kí ìgbọ̀nrìrì má tún já a.

Ọṣẹ tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fi dí i lójú ọ̀nà, kí a lè délé lásán ni. Kì í ṣe àtúnṣe.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi tiwa kọ́ ẹlòmíràn. Àṣẹ.