Fóònù yín tó fọ̀nà hàn yín dé Lómé, bí ẹ bá ti gba máàpù sílẹ̀ látilé

 Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé mọ́tò sọdá bọ́dà lóde òní. Àwọn kan ń lọ rajà ní Kútọnu, àwọn kan ní ẹbí tó ń ṣe ìnáwó ní Lómé tàbí Accra. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí ni pé, ṣé dandan ni ká ra ẹ̀rọ GPS tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò, àbí fóònù ọwọ́ wa tó? Fóònù tó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó kúrò nílé. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí ojú mi fi rí i.

Èmi àti ìyàwó mi la gbéra láti Jos lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ní Lómé. Fóònù ló ń júwe ọ̀nà fún wa, kò sì sí wàhálà títí a fi dé Sèmè. Bí a ṣe kọjá bọ́dà báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà lọ, dátà kú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú mọ́ wa ní Kútọnu, ojú fóònù ti funfun báláú. Kò sí orúkọ àdúgbò, kò sí títì. Àmì búlúù kékeré tó ń sọ ibi tí a wà nìkan ló kù, ó sì ń rìn bí mọ́tò ṣe ń rìn. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ìbejì, fóònù yìí mọ ibi tí a wà o, àwa la ò mọ̀.” Ó tó wákàtí méjì tí a fi ń yí kiri ká tó rí òtẹ́ẹ̀lì.

Òótọ́ ni ìyàwó mi sọ. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fóònù ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni kó mọ ibi tí ẹ wà. Ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yípo ayé lókè, ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà sílẹ̀, ló ti ń mọ ìyẹn. Fóònù kàn ń gbọ́ wọn ni, bí rédíò ṣe ń gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò. Bó bá ti gbọ́ mẹ́rin nínú wọn, ó lè ṣírò ibi tí ẹ dúró sí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì nílò dátà.

Iṣẹ́ kejì ni kó fi máàpù hàn yín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn ti ń wá, òun ló sì já wa kulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rọ GPS tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ kò ní sátẹ́láìtì tirẹ̀, àwọn kan náà ló ń gbọ́. Ohun tó fi ju fóònù wa lọ ni pé máàpù ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó máàpù sínú fóònù yín náà, ìyàtọ̀ ti tán.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Níbi tí Wi-Fi bá wà, ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wá “Offline maps”, kí ẹ mú agbègbè tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì tẹ “Download”. Ẹ gba ti ojú ọ̀nà pẹ̀lú, ẹ má gba ti ìlú tí ẹ ń lọ nìkan. Organic Maps náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi àmì sí òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìnáwó kí ẹ tó gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò: ẹ pa dátà, kí ẹ jẹ́ kó júwe ọ̀nà ọjà fún yín ládùúgbò yín. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, á ṣiṣẹ́ ní Kútọnu.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Láìsí dátà, fóònù ò lè sọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà. Ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó rí sátẹ́láìtì, nítorí náà ẹ dúró síta gbangba, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Máàpù máa ń jẹ bátìrì, ẹ mú ṣájà mọ́tò dání. Oòrùn iwájú mọ́tò lè mú fóònù gbóná títí tó fi máa kú. Ẹ má fi ọwọ́ mú un bí ẹ bá ń wakọ̀, òfin Nàìjíríà pàápàá ò gbà á. Ẹ fi kọ́ ibi tó dúró dáadáa, kí ẹni tó jókòó tì yín máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa “data roaming” kí owó orí káàdì yín má baà lọ. Ẹ sì rántí pé aago Lómé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà.

Fóònù ò lè bá yín dáhùn ní bọ́dà o. Ìwé mọ́tò, láísẹ́ǹsì àti ìwé ìdójútòfò Brown Card ti ECOWAS gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí à ń bọ̀, Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì ní Lómé la fi gba máàpù. A ò ra dátà kankan, a ò sì ṣìnà títí a fi dé Sèmè. Bí òjò bá sì ti gé ọ̀nà tí máàpù ò mọ̀, ẹ wá ẹni bi. Ní Àjàṣẹ́, Sakété àti Kétu, Yorùbá lẹ máa fi bi wọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà. À á lọ re, à á bọ̀ re o.