Ẹ̀sùn tí Kò Dárúkọ Ìwà

Bí ẹnì kan bá sọ láàfin Ọbaro, ọba Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogí, pé ọmọ lágbájá hùwà tí kò dára, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé, kí ló ṣe? Ṣé iṣu oníṣu ló wà ni, àbí àgbàlagbà ló bú? Wọn kò ní dá ẹjọ́ kankan títí olùfisùn yóò fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá ọ́fíìsì kan kọ ọ́ sínú kúẹ́rì pé ìwà òṣìṣẹ́ báyìí “unbecoming”, tàbí pé ó “unacceptable”, ìbéèrè yẹn a sì kú sí wa lọ́fun. Ẹni tó gba ìwé náà kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní púrúǹtù, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà kò sì fẹ́. N kò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì jà o. Yorùbá náà mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tó wà lára Gẹ̀ẹ́sì ìjọba ni mo ń wí, èyí tí kì í jẹ́ kí a wádìí ohun tí à bá wádìí ká ní èdè wa ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìdájọ́ lásán a wá wọ aṣọ ẹ̀sùn.

Èyí tó ga jù nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ẹ̀ka 188 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láṣẹ láti yọ gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀ nítorí “gross misconduct”. Òfin náà gbìyànjú láti ṣàlàyé ara rẹ̀: ó ní ó jẹ́ rírú òfin yìí lọ́nà tó wúwo, tàbí ìwàkíwà tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn aṣòfin. Apá kejì yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Ohun tí wọ́n bá ti pè ní “gross” ló di “gross”. Ní ọdún 2019, ó kan Simon Achuba, igbákejì gómìnà Kogí. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà, Nasir Ajanah, yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti tọpinpin ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, agbẹjọ́rò àgbà John Baiyeshea sì ni alága wọn. Wọ́n jábọ̀ pé ẹ̀rí kò fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Ẹ̀ka 188 kan náà sì sọ pé níbi tí ìgbìmọ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, àwọn aṣòfin yọ Achuba ní Lọ́kọ́ja. Matthew Kọ́láwọlé, aṣojú ẹkùn Kabba/Bunu, ni olórí ilé nígbà náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ nílẹ̀ Okun, níbi tí Kabba wà, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíràn ni.

Ẹlòmíràn á ní kóòtù ṣáà wà. Ó wà lóòótọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, aṣòfin 18 nínú 32 yọ Gómìnà Ràṣídì Ladọja ní oṣù kìíní ọdún 2006, kóòtù tó ga jù lọ sì dá a padà sípò ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n rí dìmú: 18 kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 tí òfin béèrè. Orí èèyàn ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ní 1961, níbi tí kóòtù ìbílẹ̀ kan ti dá obìnrin lẹ́bi pé ó ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e, torí pé ìwé òfin kankan kò pe ohun tó ṣe ní ọ̀ràn. Ìwà náà ní orúkọ, ni adájọ́ fi rí ohun tí yóò wá nínú ìwé. Ká ní “immoral” nìkan ni wọ́n kọ, kí ni ì bá wá?

Wọ́n lè sọ pé òfin kò lè ka gbogbo ìwàkíwà tán, àti pé ọ̀rọ̀ gbogbogbòò kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà. Àmọ́ ẹ wo ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2008. “Serious misconduct” wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lè lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to ìwà sí, àwọn bíi yíyí àkọsílẹ̀ padà, rìbá gbígba, owó ìjọba kíkó jẹ, àti àìwá síbi iṣẹ́ láìgbàyè. Ẹ̀ka 36 ìwé òfin 1999 náà ní ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀, ní èdè tó yé e. Bí òfin bá fún afurasí olè ní èyí, kò yẹ kí akọ̀wé káńsù rí ohun tó kéré sí i gbà.

Àtakò tó ṣòro jù lọ láti dáhùn ni ti ìbòjú. Wọ́n á ní ọ̀gá tó kọ “unbecoming” ń dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ ni, kí ìtìjú má bàa pọ̀. Àgbà ilé lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ẹbí, níbi tí gbogbo wọn ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Kabba kì í ṣe ìlú tí àlejò ti ń sá pamọ́. Bí ìwé náà kò bá sọ ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe, àwọn ará ọjà á bá a sọ ọ́, olè tàbí àgbèrè ni wọn yóò sì fi dí àlàfo náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ lásán ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.