Sòbìà àti Ìwé Àkọsílẹ̀ Ará Abúlé

Bí a bá dárúkọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì, yàrá ìwádìí àti awò tí ń mú ohun kékeré tóbi ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò wà nítòsí Ìlọrin níhìn-ín: àwọn abúlé Àsà, níbi tí Luke Edungbola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin ti ṣe ìwádìí lórí àrùn sòbìà ní àwọn ọdún 1980.

Inú omi adágún ni sòbìà ti ń wá. Àwọn kòkòrò omi tíntìntín kan a gbé ọmọ aràn náà mì. Ènìyàn a sì mu omi náà tòun ti kòkòrò. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn èyí ni aràn náà, tí ó lè gùn tó mítà kan, yóò yọrí jáde, ní ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àgbẹ̀ tí ó bá mú lè wà nílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìlè lọ sóko. Bí ó bá sì ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, aràn a tú ọmọ rẹ̀ sínú omi náà. Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Ohun tí ó jọ mí lójú jù lọ ni pé ẹni tí kò mọ̀wé rárá kì í ṣi sòbìà mọ̀. Òwe wa tí ó ní kí a tètè ké sí olúgànbe kí sòbìà tó degbò fi hàn pé ojúlùmọ̀ àtijọ́ ni. Nítorí náà, kò di ìgbà tí dókítà bá yẹ aláìsàn wò kí a tó lè kà á. Nígbà tí a wá àrùn náà kiri gbogbo Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye àwọn tí a rí lé ní 650,000. Lẹ́yìn èyí ni a ń yan ẹnìkan láàrin àwọn ará abúlé kọ̀ọ̀kan, tí a kọ́ ọ láti máa kọ orúkọ ẹni tí sòbìà bá yọ lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa di egbò rẹ̀, kí ó sì máa pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni ìròyìn ti ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, títí dé olú ìlú; ìròyìn yìí ni a sì fi ń mọ abúlé tí ó yẹ kí a gbẹ́ kànga fún àti adágún tí ó yẹ kí a da oògùn sí.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ ni ó bára mu o. Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara ènìyàn ni sòbìà ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí iṣan. William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn kò torí èyí pa àwọn ará ìlú tì: àwọn télọ̀ ìlú ni ó rán asẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn nínú ìlú ni ó sì ń tà á.

Ní Àsà, àrùn náà rọlẹ̀ bí àwọn ènìyàn ti ń mu omi kànga ẹlẹ́rọ tí UNICEF ṣèrànwọ́ láti gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe, adágún náà ni a óò tún padà sí. Lójú tèmi, onímọ̀ tí ó gba iye lọ́wọ́ ará abúlé, tí kò sì padà wá sọ ohun tí ó rí nínú rẹ̀, ajigbèsè ni.

Oṣù kọkànlá ọdún 2008, ní Ìpínlẹ̀ Enugu, ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti tán nílẹ̀ wa, nítorí pé ó kéré tán, ọdún mẹ́ta gbáko ni a gbọ́dọ̀ fi wá a kiri láìrí ẹnìkan. Láàrin àkókò náà, àwọn ará abúlé ṣì ń wò, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí.