Yíyan Ọ̀nà Tí Ó Yẹ Láti Mú Ara Ajá Gbẹ Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti wẹ ajá tán, iṣẹ́ ti parí. A ó tú u sílẹ̀, yóò gbọn ara rẹ̀, oòrùn yóò sì ṣe ìyókù. Ní ti ajá ìbílẹ̀, èrò yìí kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé irun rẹ̀ kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ ara. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ajá ni ó wà nígboro nísinsìnyí. Ohun tí ó tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn lè ṣe èkejì ní jàǹbá. Nítorí náà, irun ajá ni a ó kọ́kọ́ wò.

Gbígbọn ara kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Georgia Tech ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ajá lè gbọn nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 omi ara rẹ̀ dànù láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí a jẹ́ kí ó gbọn ara ná, kí a tó mú aṣọ ìnura.

Ajá onírun kúkúrú bíi Boerboel kò nílò ju aṣọ ìnura lọ. Ti Lhasa Apso, tí irun rẹ̀ gùn, yàtọ̀: a kì í fi aṣọ ra irun náà, kí ó má baà ta kókó, ṣe ni a ń tẹ̀ ẹ́ kí aṣọ lè fa omi rẹ̀ mu. Irun Alsatian ní tirẹ̀ jẹ́ ìpele méjì. Ti òkè lè gbẹ kí ti ìsàlẹ̀ ṣì rin gbingbin. Bí omi bá sì pẹ́ níbẹ̀, awọ ara lè di egbò.

Irú irun báyìí ni dírayà wúlò fún, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Atẹ́gùn gbígbóná nínú yàrá tí a tì pa lè mú kí ó dákú, kí ó sì kú, pàápàá àwọn onímú kúkúrú bíi Pug. Atẹ́gùn tútù tàbí èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí a lò. Kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wa dán an wò, kí a má sì dá a dúró sójú kan. Bí ariwo rẹ̀ bá ń ba ajá lẹ́rù, kí a padà sídìí aṣọ ìnura, nítorí pé ajá tí ẹ̀rù bà lè bu ènìyàn jẹ.

Oòrùn òwúrọ̀ dára, bí ibòòji àti omi mímu bá wà nítòsí. Síso ajá mọ́ orí simẹ́ńtì ní ọ̀sán gangan kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ọmọ ajá tí ara rẹ̀ tutù sílẹ̀ fún ọyẹ́, nítorí pé òtútù tètè ń mú un.

Ní ìparí, kí a nu etí láìki ohunkóhun bọ inú ihò rẹ̀. Kí a sì fi ìka ya irun ikùn, abíyá àti ẹ̀yìn etí, kí a fọwọ́ kan awọ. Bí ibẹ̀ bá ṣì rin, ajá náà kò tíì gbẹ, bí irun òkè tilẹ̀ ń dán.