Bí Aláìsàn Jẹjẹrẹ Bá Délé, Ìtọ́jú Kò Tíì Parí

Ayọ̀ ńlá ni fún ìdílé nígbà tí dókítà bá ní kí alárùn jẹjẹrẹ máa lọ sílé. Wọn a wọ ọkọ̀ ní UCH, wọn a gba Bódìjà tàbí Challenge lọ, àwọn ará àdúgbò a sì máa bá wọn dúpẹ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ tí yóò padà lọ? Ta ló mọ oògùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́? Bí ìrora bá dé lóru ńkọ́?

Ará Samaria inú Luku orí kẹwàá kò wulẹ̀ gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ dé ilé èrò kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó sanwó ìtọ́jú sílẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni alárùn jẹjẹrẹ nílò.

Èkíní, ẹ má ṣe kúrò ní wọ́ọ̀dù láìgba ìwé tó sọ irú jẹjẹrẹ náà, ìtọ́jú tí wọ́n ti ṣe, oògùn tó kù àti ọjọ́ ìpadàwá. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú ìwé náà, tí yóò sì máa bá aláìsàn lọ. Ewúrẹ́ àjọni, ebi ní í pa á.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún ibà. Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù. Bí ìgbóná ara rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 38, ẹ má ṣe ra oògùn ibà kí ẹ máa wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ̀kẹta, ìrora. Àwọn mìíràn ń lọ sílé nítorí pé àrùn náà ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n di ẹni ìgbàgbé. Mọ́fíìnì olómi wà tí a ń mu fún ìrora líle. Bí a bá lò ó bí dókítà ti wí, kò yẹ kí ẹ̀rù pé yóò sọ aláìsàn di ẹrú oògùn dí wa lọ́wọ́. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, ṣùgbọ́n oògùn wà fún ìyẹn. Ní Uganda, Hospice Africa ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti 1993. Ní Ìbàdàn níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, UCH sì ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ìrora àti ìtura irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kí dókítà kọ̀wé sí wọn.

Ẹ̀yin ará ìjọ, àdúrà àti oògùn kì í bá ara wọn jà. Wòlíì Isaiah tó mú ìlérí ìwòsàn tọ Ọba Hesekiah wá náà ló ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún aláìsàn pé kó ju oògùn nù kí ó lè fi ìgbàgbọ́ hàn. Kí ẹni tó ní ọkọ̀ gbé e láti Àgbówó lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹgbẹ́ ìyá gbé oúnjẹ wá. Kí ẹnì kan sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè rí oorun sùn.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kì í su láti ṣe rere. Àmín.