Ìpàdé Àwọn Tí Ń Fi Ọwọ́ Ara Wọn Kan Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹ̀yin ará wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ariwo ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe àjèjì létí yín, nítorí pápá Murtala Muhammed tí a ṣí ní ọdún 1979 kò jìnnà sí yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, tí wọ́n sì ń gbé e fò.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Paul Poberezny kó irú wọn jọ ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1953, ẹgbẹ́ EAA sì bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1970, ìlú Oshkosh ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ńlá wọn ní apá ìparí oṣù Keje, àfi ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dí wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó ju 10,000 lọ ni ó máa ń wọ àgbègbè náà.

Wọn kì í lọ síbẹ̀ fún ìran wíwò nìkan. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń jó irin pọ̀, tàbí bí a ti ń fi aṣọ bo apá ọkọ̀, yóò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ẹni tí ó ti kan tirẹ̀ tán yóò gbé e síwájú àwọn tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Bí nọ́ọ̀tì kan bá dẹ̀, tàbí bí páìpù epo bá gba ibi tí kò yẹ, ojú ẹlòmíràn lè tètè rí i nílẹ̀. Lójú ọ̀run, kò sí ibi tí a ó ti dúró tún un ṣe.

Èrè ìpàdé yìí kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní ọdún 1972, Richard VanGrunsven gbé ọkọ̀ kékeré RV-3 tí ó ṣe fúnra rẹ̀ lọ sí Oshkosh, ọ̀pọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti inú RV-6A, tí í ṣe àbúrò ọkọ̀ náà, ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa ti mú Air Beetle jáde ní Kàdúná, láti fi kọ́ àwọn awakọ̀ wọn.

Ní ọdún 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, fi ẹ́ńjìnì mọ́tò Honda àti àlòkù irin kan hẹlikọ́pítà. Ó gbéra nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ga. Ọgbọ́n kò wọ́n ọmọ náà rárá. Ìpàdé bí ti Oshkosh ni kò sí nílé fún un.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ń kan irú rẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ gbé e fò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú. Bí irú wọn mẹ́ta bá wà ní àdúgbò kan, kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí olúkúlùkù gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún àwọn yòókù láti yẹ̀ wò.